Celica 1995 mi ń dún «gbù» níwájú lápá ọ̀tún, a ti pààrọ̀ nǹkan púpọ̀, kò lọ

Apòògùn Ìsánlú

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó mọ abẹ́ ọkọ̀ dáadáa ni mò ń wá.

Toyota Celica GT ni mò ń wà, ti 1995, ẹ́ńjìnì 2.2, mánúà onígíà márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé e wọlé láti Amẹ́ríkà, ó sì fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń padà lọ. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an. Àwọn ènìyàn ń ní kí n tà á kí n ra Corolla, mi ò ní tà á. Ìdí nìyẹn tí ariwo yìí fi ń gbé mi lọ́kàn sókè.

Bó ṣe ń dún rèé. Tí táyà iwájú lápá ọ̀tún bá gba etí kòtò kékeré kọjá, tí mi ò sì sáré, màá gbọ́ «gbù» lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lábẹ́ ibi tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gbé ẹsẹ̀ sí. Kì í ṣe ariwo irin tó ń lu irin. Ó wúwo, èèyàn á mọ̀ ọ́n lára láti ilẹ̀ ọkọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kòtò ńlá kì í mú un dún tó kòtò kékeré.

Tí mo bá ń lọ gbé oògùn ní Lọ́kọ́ja, mo máa ń gba Mọ̀pà, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ́, Kàbbà. Níbi tí ọ̀dà ti bó káàkiri, ariwo yẹn kì í sinmi. Bí mo bá ti wá bọ́ sórí ọ̀nà kọnkéré tó ti Kàbbà lọ sí Ọbájánà, ó máa dákẹ́ wẹ́lo, àfi níbi tí oríkèé kọnkéré kan bá ti ga ju èkejì lọ díẹ̀. Mo tún rí i pé tí mo bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń gun irú oríkèé bẹ́ẹ̀, kì í dún rárá. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi rìfásì jáde nínú ọgbà, tí mo tẹ bíréèkì, á dún. Tí mo bá wá rìn síwájú díẹ̀ tí mo tún tẹ bíréèkì, á tún dún. Ní àárọ̀ ọyẹ́ ó máa ń le ju ti ọ̀sán lọ.

Ibi iṣẹ́ tí mo gbé e lọ ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, linkéèjì sitábíláísà (irin kékeré tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ sitábíláísà, ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù), bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so áàmù mọ́ ẹsẹ̀ táyà) àti bọ́ọ̀ṣì áàmù ìsàlẹ̀ (rọ́bà tó wà níbi tí áàmù, apá irin tó di táyà mú, ti wọ ara ọkọ̀). Lẹ́yìn bọ́ọ̀ṣì yẹn ọkọ̀ dákẹ́ fúngbà díẹ̀, inú mi dùn, àfi bí ariwo ṣe tún yọjú. Ní báyìí wọ́n ní kí n lọ ra ráàkì sítíárìn odindi, irin tó ń yí táyà tí a bá yí sítíárìn. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó náwó yẹn?

Ará Bódìjà

Ṣọ́ọ̀kì ni. Àwọn tuntun tí wọ́n ń tà báyìí kò lágbára, wá ojúlówó tọ́kúnbọ̀ kí o fi sí i.

Apòògùn Ìsánlú

Ẹ ṣé, sà. Mo ti fọwọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ lápá méjèèjì. Ó máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró, kì í jó lọ jó bọ̀. Òkè ṣọ́ọ̀kì náà kò mì nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé e tí àbúrò mi ń yí sítíárìn. N kò rò pé ó kan ṣọ́ọ̀kì.

Celica Títí Láé

Àǹtí, ẹ káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́! Ìbéèrè kan ni mo ní kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ní irú ọkọ̀ yín yìí, Toyota ṣe ẹsẹ̀ iwájú oríṣi méjì. Àwọn kan tí wọ́n tà ní Japan, bíi SS-III, ní èyí tí wọ́n ń pè ní Super Strut, tí GT-Four náà sì ní. Ìyẹn ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ju ti àwọn tó kù lọ, tí wọ́n bá sì jẹ, ariwo wọn máa ń da àwọn mẹkáníìkì láàmú. Ṣùgbọ́n tí tiyín bá wá láti Amẹ́ríkà lóòótọ́, tó jẹ́ GT lásán, kò ní i. Ṣọ́ọ̀kì kan, áàmù ìsàlẹ̀ kan, sitábíláísà, ó parí. Ẹ lè fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé Celica kò lè gba ọ̀nà wa. Celica ni Carlos Sainz fi gba Safari Rally, ìdíje eré ọkọ̀ lórí ọ̀nà búburú, ní Kenya ní 1992. Òun náà ni Juha Kankkunen fi gbà á ní 1993, tí Ian Duncan tún fi gbà á ní 1994.

Ọmọ Lọ́kọ́ja

Ọ̀gá, àwọn tó lọ sí Kenya yẹn, GT-Four ni, wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, wọ́n sì ti fi irin kún ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Àǹtí wa fi ìyẹn gun kòtò o.

Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan tí ẹ sọ ló mú mi dúró: bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ ń pa ariwo yẹn. Páàdì bíréèkì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Tí irin kékeré tó ń di páàdì mú nínú kálípà (ohun tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) bá ti sọnù, tàbí pínnì tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ bá ti jẹ, páàdì á máa ta síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbàkígbà tí táyà bá gba kòtò. Bí ẹ bá ti tẹ bíréèkì báyìí, á fún mọ́ dísìkì, á dákẹ́. Tí ẹ bá yí padà láti rìfásì sí iwájú, páàdì á sún lẹ́ẹ̀kan, á dún lẹ́ẹ̀kan. Ó bá gbogbo ohun tí ẹ sọ mu. Ẹ yọ táyà, ẹ fọwọ́ mì kálípà. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohun kejì: ẹ lè tú linkéèjì sitábíláísà lápá méjèèjì, kí ẹ so ó kúrò lọ́nà kó má ba à kan nǹkan, kí ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ládùúgbò. Tí ariwo bá lọ, sitábíláísà tàbí rọ́bà tó gbé e ni. Tí kò bá lọ, ẹ ti yọ òun kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹ má sáré o, torí ọkọ̀ á máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní kọ́nà.

Àgbà Mẹkáníìkì Kàbbà

Okun o, ọmọ mi. Okun o, gbogbo ilé.

Mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Lọ́kọ́ja sọ òótọ́, páàdì lè dún bẹ́ẹ̀, kí ó sì wò ó torí kò ná an lówó. Ṣùgbọ́n ariwo páàdì fúyẹ́. «Kẹ́» ló máa ń dún, irin tín-ínrín, etí ló ń gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n. Ìwọ sọ pé ó wúwo, pé ó ń bá ilẹ̀ ọkọ̀ wá. Nǹkan tó tóbi ju páàdì lọ ló ń sún níbẹ̀. Àti pé ibi tí o dárúkọ yẹn, lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún, ìtòsí ibi tí ẹ̀yìn áàmù ìsàlẹ̀ ti wọ ara ọkọ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé bíréèkì ń pa ariwo bọ́ọ̀ṣì áàmù náà. Nígbà tí o bá tẹ bíréèkì bí o ṣe ń lọ síwájú, ilẹ̀ á fa táyà sẹ́yìn, táyà á fa áàmù dání, áàmù á sì fara ti ẹ̀gbẹ́ kan nínú bọ́ọ̀ṣì tó ti ya. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣì wà lórí bíréèkì, kò ráyè padà, kò lè dún. Tí o bá fi rìfásì rìn tí o tẹ bíréèkì, á gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì: «gbù». O wá síwájú, o tún tẹ bíréèkì, ó padà: «gbù». Nítorí náà, bíréèkì tó pa ariwo kò tíì ya páàdì sọ́tọ̀ kúrò lára áàmù. Ó kàn sọ fún wa pé nǹkan kan ń lọ síwájú sẹ́yìn níbẹ̀ ni.

Ní ti kòtò kékeré tó ń dún ju ńlá lọ, ìyẹn náà bá a mu. Etí kòtò kékeré ń ti táyà sẹ́yìn díẹ̀ ni, ìwọ̀n àyè tó wà nínú bọ́ọ̀ṣì náà ló ń rìn. Kòtò ńlá ń gbé táyà lọ sókè, ariwo táyà àti ti ṣọ́ọ̀kì á sì bo ìyókù. Ti ọyẹ́ kò ṣòro: rọ́bà máa ń le ní òtútù.

Wàyí o, wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì yẹn. Mo gbà. Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dì í? Ìbéèrè mi gan-an nìyẹn. Ṣé táyà wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n fún bóòtì áàmù le, àbí jáàkì ló gbé ọkọ̀ dúró tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dirodiro?

Ìdí tí mo fi béèrè: rọ́bà bọ́ọ̀ṣì áàmù kì í yí lórí irin. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin inú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ìta. Bí o bá ti fún bóòtì, irin inú ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú ara ọkọ̀ nìyẹn, rọ́bà nìkan ló ń lọ́ tí áàmù bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Tí a bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, ibi tó ń rọ̀ yẹn ni rọ́bà mọ̀ sí ìsinmi. Ọkọ̀ á wá sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, rọ́bà á lọ́ bí aṣọ tí a fún, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí ọkọ̀ wà ní gáréèjì. Kòtò dé, ó tún lọ́ sí i. Kò ní pẹ́ tí yóò fi ya, bó ti wù kó dára tó. Mo ti rí èyí tó ya kí ọ̀dà tí wọ́n fi sàmì sí i lára tó ṣí.

Má tíì ra ráàkì. Kí ẹnì kan mì sítíárìn díẹ̀díẹ̀ lápá òsì àti ọ̀tún nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, tí ẹ́ńjìnì sì kú, kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan tàì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà. Tí ráàkì bá jẹ, ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n.

Apòògùn Ìsánlú

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo wà níbẹ̀. Jáàkì ló gbé ọkọ̀ dúró, wọ́n fún bóòtì, wọ́n dá táyà padà, wọ́n ní ó ti tán. Ẹnikẹ́ni kò tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tó balẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú pé áàmù ni kí n tó tún tú u? Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè tí wọ́n mì táyà, kò sí ohun tó ń mì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé orí ọ̀rọ̀ ráàkì.

Àgbà Mẹkáníìkì Kàbbà

Kò lè mì lórí jáàkì, ọmọ mi. Ọwọ́ ènìyàn kò ní agbára tí bíréèkì ní. Èyí tí mò ń ṣe rèé.

Wá ibi tó tẹ́jú tí kò sí èrò. Kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì sí i, kì í ṣe níwájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Àyè tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà ni kó máa wò. Ìwọ wọ inú ọkọ̀, yí síwájú wẹ́rẹ́, tẹ bíréèkì. Yí sẹ́yìn wẹ́rẹ́, tẹ bíréèkì. Táyà tí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dára, wàá rí i tó dúró gbọnin láàárín fẹ́ńdà. Èyí tó ti ya, odindi táyà á sún síwájú, á sún sẹ́yìn nínú àyè rẹ̀. Kí ó wo ti òsì náà kó lè fi wé e. Páàdì tó ń ta kò lè sún táyà bẹ́ẹ̀ láéláé.

Lẹ́yìn náà, torí mánúà ni, yẹ ẹ́ńjìnì síìtì, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró, wò. Fa hánbíréèkì, tẹ bíréèkì dáadáa, fi í sí gíà kìíní, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi tẹ̀, kí o tún tẹ̀ ẹ́ padà. Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rìfásì. Tí «gbù» bá dún nígbà tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, ẹ́ńjìnì síìtì ni. Tí kò bá dún, bọ́ sí abẹ́ ọkọ̀.

Tí o bá dé abẹ́, má jẹ́ kí jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ní kòtò mẹkáníìkì, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà nílẹ̀, ló dára jù. Kí wọ́n fi irin gígùn tí fọkanáísà fi ń yọ táyà tẹ ẹ̀yìn áàmù síwájú sẹ́yìn, kí wọ́n tan iná sí rọ́bà. Wàá fi ojú ara rẹ rí i.

Ọmọ Lọ́kọ́ja

Bàbá, mo ti ṣe ìdánwò táyà àti fẹ́ńdà yẹn sí ọkọ̀ tèmi ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ó wúlò púpọ̀. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Apòògùn Ìsánlú

Mo ti dé o.

Mo kọ́kọ́ yọ táyà, mo mì kálípà gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Lọ́kọ́ja ti wí. Ó di mọ́ra, pínnì rẹ̀ ń yọ̀ dáadáa. A tú linkéèjì, mo wa ọkọ̀ yí ọjà po, ariwo kò yí padà, a dá a padà. Ẹ́ńjìnì síìtì kò dún.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ bíréèkì nínú rìfásì ló kígbe. Mo ní kó wá jókòó, èmi náà fẹ́ rí i. Bàbá, odindi táyà ọ̀tún ń sún nínú fẹ́ńdà, ó tó ìbú ìka! Ti òsì dúró gbọnin. Ẹ̀rù bà mí, torí mo ti ń wa ọkọ̀ yìí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tírélà sìmẹ́ńtì.

A gbé e lọ sí ibi tó ní kòtò, ní Mọ̀pà. Rọ́bà ẹ̀yìn áàmù ọ̀tún ti ya kúrò lára irin inú yíká, ó ku díẹ̀ níbi kan. Tòsì ti ń sán, kò tíì ya. Ráàkì kò ní nǹkan kan.

Ìbéèrè tó kù: ṣé kí n wá áàmù odindi, àbí kí wọ́n tẹ bọ́ọ̀ṣì tuntun sí èyí tó wà? Ẹnì kan ní òun ní áàmù tọ́kúnbọ̀ méjèèjì. Ẹlòmíràn ní kí n lo bọ́ọ̀ṣì oníke tó le, pé òun ló tọ́ sí ọkọ̀ eré.

Celica Títí Láé

Àǹtí, ẹ fi oníke sílẹ̀. Mo lò ó rí. Kì í tètè ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà ni ẹ máa mọ̀ lára, tí gíríìsì inú rẹ̀ bá sì gbẹ tí eruku wọ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó dára fún ẹni tó ń sáré lórí pápá eré. Ọ̀nà Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ́ kì í ṣe pápá eré.

Ọmọ Lọ́kọ́ja

Ní ti tọ́kúnbọ̀, ẹ ro ọjọ́ orí rọ́bà. Ọdún 1999 ni Toyota ṣíwọ́ ṣíṣe irú Celica yìí, nítorí náà, áàmù tó bọ́ lára rẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ lè ti gbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Tí áàmù yín kò bá tẹ̀, tí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tuntun sì wà lára rẹ̀, ẹ tẹ bọ́ọ̀ṣì tuntun sí i. Ṣùgbọ́n pírẹ́ẹ̀sì ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù lù ú, torí ó máa ń ba rọ́bà jẹ́ láti inú.

Àgbà Mẹkáníìkì Kàbbà

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tẹ bọ́ọ̀ṣì tuntun sí méjèèjì, òsì àti ọ̀tún, iwájú áàmù àti ẹ̀yìn rẹ̀. Má ṣe ọ̀kan kí o fi ọ̀kan sílẹ̀.

Kí wọ́n tó tẹ ti ẹ̀yìn, kí wọ́n wo bí èyí tó wà níbẹ̀ ṣe kọjú kí wọ́n sì sàmì sí i. Àwọn bọ́ọ̀ṣì kan ní ihò nínú rọ́bà, ẹ̀gbẹ́ tí ihò yẹn bá kọ sí ló ń pinnu bí yóò ṣe gba ẹrù. Tí wọ́n bá yí i sódì, á tún ya.

Tí wọ́n bá dá áàmù padà, kí wọ́n fi ọwọ́ di bóòtì nìkan, kó má fún. Kí wọ́n dá táyà padà, kí ọkọ̀ balẹ̀, kí ènìyàn méjì jókòó síwájú, kí wọ́n mì ọkọ̀ wálẹ̀ lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹsẹ̀ lè jókòó sí ibi tó ń gbé. Ìgbà yẹn ni kí ẹni tó wà nínú kòtò wá fún bóòtì náà le. Dúró lórí wọn. Tí wọ́n bá ní kò ṣe pàtàkì, ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ nítorí pé ìwọ lo ni owó.

Apòògùn Ìsánlú

A ti ṣe é. Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti fi pírẹ́ẹ̀sì tẹ bọ́ọ̀ṣì, a gbé áàmù padà wá sí kòtò Mọ̀pà. Èmi àti àbúrò mi jókòó síwájú bí Bàbá ti wí, mẹkáníìkì tó wà nísàlẹ̀ sì fún bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí a ṣe wà níbẹ̀. Òun gan-an ló tún béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá fún un láti orí fóònù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun yóò máa ṣe é fún gbogbo ọkọ̀ báyìí.

Mo fi rìfásì jáde, mo tẹ bíréèkì, kò dún. Mo wà á dé Kàbbà, mo sì tẹ̀ síwájú sórí kọnkéré Ọbájánà, mo ń fi ọwọ́ ara mi wá oríkèé tó ga, mi ò gbọ́ nǹkan kan ju táyà lọ. Sítíárìn náà ti yàtọ̀: kì í fà sọ́tùn-ún mọ́ nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì, ohun tí mo rò pé ojú ọ̀nà ló ń fà á tẹ́lẹ̀. N kò ra ráàkì.

Bàbá, Ọlọ́run á fi kún ọjọ́ yín. Ọmọ Lọ́kọ́ja, Celica Títí Láé, mo dúpẹ́. Aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó tọ́, ló kù, màá ṣe é ní Lọ́kọ́ja nígbà tí mo bá tún lọ gbé oògùn.